Ìsọlórúkọ Lójú Kọ̀ǹpútà

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Lóde òní, ètò kọ̀ǹpútà lè yí orúkọ gbogbo bọ́tìnnì ojú ẹ̀rọ padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í béèrè ìtumọ̀. Bí a bá ní kí ó fi "Gbàlà" rọ́pò "Save", ẹni tí ó fẹ́ fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ yóò rò pé ìwàásù ni. Àṣìṣe náà yóò sì tàn dé ibi gbogbo. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 ti fi ọ̀nà hàn: iṣẹ́ onímọ̀ ni ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Ní èrò tiwa, kí àwa olùkọ́ èdè, ní Adó-Èkìtì àti níbòmíràn, kọ́kọ́ fẹnu kò lórí orúkọ; lẹ́yìn náà ni kí ẹ̀rọ tàn án kálẹ̀.