Kọfí: Ẹ Má Jẹ́ Kí Orísun Gbẹ

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń mu kọfí, pàápàá nígbà tí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni mélòó ló mọ ibi tí igi rẹ̀ ti wá? Ọ̀rọ̀ igi náà la fẹ́ sọ, nítorí ewu ń bẹ.

Igi kékeré ni igi kọfí tí wọ́n ń pè ní arabica. Inú igbó orí òkè ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Etiópíà, lágbègbè Kafa àti àyíká rẹ̀, ló ti ń hù fúnra rẹ̀ lábẹ́ òjìji àwọn igi ńlá. Bí òjò bá rọ̀, yóò tan òdòdó funfun tó ń ta sánsán. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ òdòdó náà á rẹ̀, èso á sì bẹ̀rẹ̀ sí so. Bí èso náà bá pọ́n, á pupa, hóró méjì-méjì ni a sì sábà máa ń bá nínú rẹ̀.

Láti ibẹ̀ ni kọfí ti dé Yẹ́mẹ̀nì. Ṣáájú ọdún 1500, àwọn sùúfí ibẹ̀ ti ń mu ún kí oorun má baà gbé wọn níbi ìrántí Ọlọ́run lóru. Ní ọdún 1511, wọ́n fòfin dè é ní Mẹ́kà, ṣùgbọ́n òfin náà kò pẹ́. Láti Yẹ́mẹ̀nì ni irúgbìn díẹ̀ ti tàn dé Íńdíà, Java àti Gúúsù Amẹ́ríkà.

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Nítorí pé irúgbìn díẹ̀ ni wọ́n mú jáde, èyí tó pọ̀ jù nínú kọfí arabica inú oko káàkiri ayé dà bí ọmọ ìyá kan náà: àrùn tó bá mú ọ̀kan lè mú gbogbo wọn. Ní ọdún 1869, àrùn tó ń mú ewé kọfí dípẹtà wọ Ceylon, tí à ń pè ní Sri Lanka lónìí. Ó ba oko kọfí ibẹ̀ jẹ́ débi pé tíì ni wọ́n gbìn rọ́pò rẹ̀. Inú igbó Etiópíà ni oríṣiríṣi irú rẹ̀ ṣì pọ̀ sí jù, ibẹ̀ la sì ti lè rí irúgbìn tí yóò lè fara da àrùn àti ọ̀dá.

Àjọ UNESCO ti fi igbó Kafa sí ara àwọn ibi tí ó yẹ kí á dáàbò bò ní ọdún 2010. Síbẹ̀, wọ́n ń gé igi igbó nítorí oko, ooru ayé sì ń pọ̀ sí i. Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ kéde pé nínú irú igi kọfí 124 tí wọ́n mọ̀, 75 ló wà nínú ewu ìparun. Arabica wà lára wọn.

Ẹnìkan lè bi wá pé kí ló kàn wá níbẹ̀. Àwọn àgbà ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ṣùgbọ́n a kò lè sọ fún ẹni tí ebi ń pa pé kó má gé igbó. Èrò tiwa ni pé kí àwọn oníṣòwò tó ń jèrè kọfí máa san owó tó tọ́ fún àwọn tó ń ṣa á nínú igbó, kí igbó tó dúró lè lérè fún wọn ju igbó tí a gé lọ. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kọ́ ìmọ̀ nípa igi àti ewéko. Ohun tí a kò bá mọ̀, a kì í lè ṣọ́ ọ.