Ìwé Iṣẹ́ Ọnà àti Ilé Kíkọ́ fún Ilé-Ìkàwé Wa

Ó yẹ kí ilé-ìkàwé wa ní ìwé iṣẹ́ ọnà àti ti ilé kíkọ́. Ṣùgbọ́n èwo ni kí a kọ́kọ́ kó jọ? Èrò tiwa ni pé, kí a tó ra ti Gíríìkì àti ti Róòmù, kí a kó ti ilẹ̀ wa jọ ná, nítorí pé àwọn nǹkan wọ̀nyí ń lọ.

Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ni ó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́. Láti 1924 ni ó ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ilojo Bar tí a kọ́ sí Èkó ní 1855, tí ìjọba sì sọ di ohun ìrántí ní 1956, ni a wó palẹ̀ ní 2016. Àwòrán nìkan ni ọmọ ilé-ìwé lè fi mọ̀ wọ́n.

Àwọn kan lè wí pé iṣẹ́ abọ̀rìṣà ni ère gbígbẹ́. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Láti 1947 ni àwọn agbẹ́gilére ti bá Fáda Kevin Carroll ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, tí wọ́n gbẹ́ ohun èlò fún ilé Ọlọ́run.

Nítorí náà, kí a kọ́kọ́ ra ìwé mẹ́ta tí Dmochowski, ará Pólándì, kọ nípa ilé àtijọ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, tí a tẹ̀ ní 1990. Lẹ́yìn náà, nígbà ìsinmi, kí olúkúlùkù wa mú okùn ìwọ̀n lọ sí ìlú rẹ̀, kí ó wọn ilé àtijọ́ kan, kí ó yà á sórí ìwé, kí ó sì béèrè orúkọ ẹni tí ó kọ́ ọ. Kí a di àwọn ìwé náà pọ̀ sí ilé-ìkàwé. Ìwé báyìí kò sí lọ́jà, ọwọ́ wa ni yóò ti wá.