Ọmọ Tó Ní Ọ́tísíìmù àti Mọ́tò Tó Ń Bọ̀

Ọ̀rọ̀ ọmọ tó ní ọ́tísíìmù, èyí tí wọ́n ń pè ní autisme ní Gàbọ́ǹ, la mú wá lọ́tẹ̀ yìí. A fẹ́ sọ bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí ohun tó ń lọ tó ń bọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Nzeng-Ayong ní Libreville mọ bí títì ibẹ̀ ṣe ń rí. Takisí á dúró lójijì nítorí èrò, clando á yà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn èèyàn á sì máa gba àárín wọn kọjá. Àgbàlagbà á wo ọ̀tún, á wo òsì, á ti mọ èyí tó ń sáré àti èyí tó fẹ́ dúró. Àmọ́ ọmọ kan lè dúró sójú kan létí títì, kó fọwọ́ di etí, kó má fẹ́ gbẹ́sẹ̀ mọ́. Òmíràn lè já ọwọ́ gbà, kó sáré wọ àárín mọ́tò. Nílé, ó lè jókòó síwájú fáànù fún ìgbà pípẹ́, kó máa wò ó bó ṣe ń yí. Àwọn kan á ní alágídí ni, àwọn kan á ní ẹ̀mí burúkú ló ń dà á láàmú.

Ojú ló ń rí, ọpọlọ ló ń túmọ̀. Ní 2000, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi àwọn àmì kéékèèké tó ń rìn lójú kọ̀ǹpútà dán àwọn ọmọ wò. Díẹ̀ nínú àmì náà jọ ń lọ sápá kan, ìyókù ń rìn kiri ṣáá. Àwọn ọmọ tó ní ọ́tísíìmù nílò kí àmì tó jọ ń lọ pọ̀ sí i kí wọ́n tó mọ apá tó dorí kọ. Ní 2013, ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi ìlà tó ń rìn han àwọn ọmọ fírí. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn tó ní ọ́tísíìmù ló tètè mọ apá tí ìlà náà ń lọ ju àwọn ẹgbẹ́ wọn.

Nítorí náà, a ò lè sọ pé ojú wọn kò dára. Ohun kan ṣoṣo tó ń rìn lè hàn sí wọn kedere, bóyá kó tiẹ̀ hàn jù. Ìgbà tí ohun púpọ̀ bá ń lọ pa pọ̀ ló lè dàrú mọ́ wọn lójú. Àwọn ọmọ náà kò sì rí bákan náà.

Ní ilẹ̀ Faransé, Carole Tardif àti Bruno Gepner pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi fídíò ojú èèyàn han àwọn ọmọ wọ̀nyí, wọ́n sì dín eré àwòrán àti ohùn kù. Ìwádìí wọn, tó jáde ní 2007, fi hàn pé àwọn ọmọ náà túbọ̀ mọ ohun tí ojú náà ń sọ. Àwọn baba wa ti sọ ọ́: ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Kí la lè ṣe? Èkíní, ẹ di ọwọ́ ọmọ mú ní gbogbo ìgbà létí títì. Bó ti mọ ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ kò ní kó dá sọdá. Èkejì, ojú ibì kan náà ni kí ẹ ti máa sọdá lójoojúmọ́. Ẹ nawọ́ sí mọ́tò kan lẹ́ẹ̀kan: "Takisí yẹn ń bọ̀. Ó ti kọjá. Ó yá." Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe dúró lódìkejì títì kí ẹ máa pariwo pè é. Ẹ̀kẹrin, nílé, ẹ rọra sọ̀rọ̀, ẹ rọra ṣàpèjúwe, kí ẹ sì fún un láàyè kó dáhùn. Ẹ̀karùn-ún, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú pẹ̀lú, nítorí òun náà lè nílò awò.

Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà, kó gbà á, ṣùgbọ́n kó má fi ẹgba lé ẹ̀rù kúrò lára ọmọ. Ẹ sọ nǹkan wọ̀nyí fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, fún tíṣà rẹ̀ àti fún ẹnikẹ́ni tó ń mú un jáde, nítorí kì í ṣe ọwọ́ ìyá nìkan ló ń mú ọmọ sọdá.