Kí A Ka Ẹran Inú Òkun Wa Kí Àwọ̀n Tó Kó Wọn Tán

Ẹranko kan wà nínú òkun ilẹ̀ Yúróòpù tí àwọn elédè Faransé ń pè ní marsouin. Ó jọ ẹja, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹja. Ó ní láti yọrí sókè kó tó lè mí, ọmọ ló ń bí, ọmú ló sì ń fún ọmọ rẹ̀. Ẹ lè bi wá pé kí ló kan ará Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí Àjàṣẹ́ nínú ọ̀rọ̀ ẹranko inú omi tútù. Ó kàn wá, nítorí irú àwọ̀n tó ń pa á níbẹ̀ ni àwọn apẹja wa náà ń lò níbí.

Ẹ jẹ́ kí a wo Òkun Baltic, tí Sweden, Poland, Jámánì àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn yí ká. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé marsouin ti dín kù níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ iye tó kù. Ẹranko yìí máa ń pariwo kan tí etí ènìyàn kò lè gbọ́, òun ló fi ń wá oúnjẹ. Àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè 8 wá ri ẹ̀rọ 304 sínú omi, wọ́n sì fi gbọ́ ariwo náà fún ọdún méjì, láti 2011 sí 2013. Ohun tí wọ́n rí bani lẹ́rù: nǹkan bí 500 péré ló kù láàárín gbùngbùn òkun náà. Ní Òkun Àríwá tí kò jìnnà síbẹ̀, wọ́n ju 300,000 lọ. Ká ní wọ́n ka gbogbo wọn pọ̀ ni, kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀ pé ìdílé kan ń kú lọ. Wọ́n tún rí i pé ibi tí omi kò ti jìn lẹ́bàá Sweden ni ọ̀pọ̀ wọn ń lọ nígbà ìbímọ. Ẹnikẹ́ni kò mọ èyí tẹ́lẹ̀.

Kí ló ń pa wọ́n? Àkọ́kọ́ ni àwọ̀n ọ̀rá tí wọ́n ń dẹ sínú omi bí ògiri. Bí marsouin bá há sí i, kò lè yọrí mí mọ́, ó sì kú. Májèlé ilé iṣẹ́ náà wà, èyí tí ìyá ń fi ọmú fún ọmọ mu. Ariwo náà ń ṣe wọ́n ní jàǹbá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, wọ́n fọ́ bọ́ǹbù 42 tó kù láti Ogun Àgbáyé Kejì nínú omi Jámánì. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ òkú marsouin tí omi gbé wá sétí òkun lẹ́yìn náà wò, wọ́n rí nínú wọn tí ìbúgbàù ti ba etí rẹ̀ jẹ́.

Àwọn kan á ní ebi ń pa ènìyàn, ẹ ń sọ ti ẹran omi. A gbọ́. Apẹja kò dẹ àwọ̀n nítorí marsouin, bó bá sì há, àwọ̀n apẹja náà ló ń fàya. Ìwádìí kò ní ká lé apẹja kúrò lójú omi. Ní ọdún 1994, ní etíkun Amẹ́ríkà, wọ́n so ẹ̀rọ kékeré tó ń dún mọ́ àwọn àwọ̀n kan, wọ́n sì so èyí tí kò dún mọ́ iye àwọ̀n tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Marsouin 25 ló há sínú èyí tí kò dún, 2 péré ló há sínú èyí tó ń dún. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ń náni lówó, a kò sì gbà pé apẹja ló yẹ kó san án. Ìjọba ni.

Ohun tó dùn wá ni pé ìmọ̀ yá ju òfin lọ. Wọ́n parí gbígbọ́ ní 2013, ṣùgbọ́n 2022 ni òfin ilẹ̀ Yúróòpù tó ka irú àwọ̀n bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ ní àwọn ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ níbẹ̀ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Àwa náà ní tiwa. Dólífìnì abuké kan wà tí kò sí níbòmíràn láyé àfi etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, láti Sàhárà títí dé Àǹgólà. Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wà lójú ọ̀nà yẹn. Ní 2017, àjọ IUCN kà á mọ́ àwọn ẹ̀dá tó sún mọ́ ìparun jù lọ. Wọ́n gbà pé gbogbo wọn kò tó 3,000. Ibi tí omi kò jìn lẹ́bàá èbúté ló ń gbé, ibẹ̀ náà sì ni àwọn ọlọ́kọ̀ wa ń dẹ àwọ̀n.

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Kí ìjọba méjèèjì náwó sí kíkà wọn nísinsìnyí. Kí wọ́n fi èdè tí apẹja gbọ́ bá a sọ̀rọ̀ ní Grand-Popo, ní Kútọnu àti ní Aného, kí wọ́n má sì fi ẹ̀wọ̀n halẹ̀ mọ́ ẹni tó bá wá sọ pé ọ̀kan há sí àwọ̀n òun. Kí wọ́n bi àwọn ìyá wa tó ń ra ẹja létí òkun léèrè, nítorí ojú wọn ni gbogbo ohun tí ọkọ̀ bá kó wá ń ṣe. Onímọ̀ tí kò bá bi wọ́n, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe.