Adágún tí Ẹyẹ Kò Gbọdọ̀ Bà Lé

Nígbà ìsinmi ilé-ìwé tó kọjá, èmi àti ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́wàá, dé ìlú Butte ní ìpínlẹ̀ Montana, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ẹlòmíràn a máa rìnrìn-àjò lọ wo òkun. Àwa sanwó ẹnu ọ̀nà láti wo kòtò. A gba ojú ihò tóóró kan kọjá, a sì yọ sórí pèpéle kan. Omi tẹ́ rẹrẹ níwájú wa, ó pa rọ́rọ́.

“Mọ́mì, ṣé ẹja wà níbẹ̀?”

Kò sí ẹja. Berkeley Pit ni wọ́n ń pè é. Ní 1955 ni ilé-iṣẹ́ Anaconda bẹ̀rẹ̀ sí í wa bàbà níbẹ̀ ní gbangba ojú ilẹ̀. Kòtò náà fẹ̀, ó ń fẹ̀ sí i, títí ó fi gbé odidi àdúgbò mì. Meaderville, níbi tí àwọn tó ṣí wá láti Ítálì pọ̀ sí, wà lára wọn. Ibi tí àwọn ìyá ti ń dáná, tí ọmọdé ti ń ṣeré, ó ti di afẹ́fẹ́ lásán. Kí n má purọ́, èyí ká mi lára ju ọ̀rọ̀ májèlé lọ.

Jíjìn kòtò náà tó 1,780 ẹsẹ̀ bàtà. Ní 1982, wọ́n pa àwọn ẹ̀rọ tó ń fa omi kúrò nínú àwọn ihò ìwakùsà abẹ́ ilẹ̀. Ènìyàn lè rò pé iṣẹ́ parí nìyẹn. Àṣé ìgbà náà ni wàhálà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Omi ń sun wọ inú kòtò. Bí omi àti afẹ́fẹ́ bá sì ti kan òkúta tó ní imí-ọjọ́ nínú, ásíìdì ló ń tibẹ̀ jáde, òun ló sì ń yọ́ bàbà, síǹkì àti arsenic sínú omi.

Ní 1995, agbo ẹyẹ funfun kan tó dà bí pẹ́pẹ́yẹ ńlá, tí Òyìnbó ń pè ní snow goose, bà lé omi náà láti sinmi lójú ọ̀nà wọn. Òkú 342 ni wọ́n rí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, nígbà tí ìjì yìnyín ń jà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn tún sọ̀kalẹ̀ síbẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì kú. Láti òkè, báwo ni ẹyẹ yóò ṣe mọ̀?

Láti 2019 ni wọ́n ti ń fa omi náà jáde, tí wọ́n ń wẹ májèlé rẹ̀ kúrò kí wọ́n tó dà á sódò, kó má bàa ga débi tí yóò fi wọ inú omi abẹ́ ilẹ̀ ìlú.

“Tí mo bá dàgbà, ṣé wọ́n á ti fà á tán?”

“Rárá, ọmọ mi. Wọn ò lè fà á tán.”

Kò fèsì. Ìró kan dún láti etí omi lọ́hùn-ún, irú èyí tí wọ́n fi ń lé ẹyẹ. Ọmọ mi gbójú sókè, ó di ọwọ́ mi mú.

“Ìyẹn gbọ́, Mọ́mì. Ó ti yà.”