Ẹ bá ọmọ yín to ọ̀sẹ̀ rẹ̀, ẹ má bá a tú u ká

Bí ọmọ bá ti wọ yunifásítì, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń béèrè lórí fóònù ni pé, "Ṣé o ti jẹun? Ṣé owó ṣì wà lọ́wọ́ ẹ?" Ìbéèrè tó dáa ni, àmọ́ a kì í sábà béèrè bí ọmọ ṣe ń lo ọ̀sẹ̀ rẹ̀.

Nílé ẹ̀kọ́ girama, agogo ló ń sọ ìgbà tó yẹ kó wọ kíláàsì fún un. Ní yunifásítì, kò sẹ́ni tó máa lu agogo fún ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ tó mọ̀wé dáadáa tẹ́lẹ̀ ti ń kọsẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀ kan. Ká ní yúnìtì 18 lọmọ forúkọ sílẹ̀ fún, tó sì jẹ́ pé lẹ́kíṣọ̀ wákàtí kan lọ́sẹ̀ ni yúnìtì kọ̀ọ̀kan: wákàtí 18 nìyẹn. Ìmọ̀ràn àwọn olùkọ́ ni pé kó fi wákàtí méjì dá kàwé fún wákàtí lẹ́kíṣọ̀ kan. Ìyẹn jẹ́ 36, àpapọ̀ rẹ̀ sì di 54. Bó bá ń sun wákàtí mẹ́jọ lóru, 56 tún lọ. Wákàtí 58 ṣì kù fún oúnjẹ, aṣọ fífọ̀, ìrìn, ìjọsìn àti eré. Àkókò wà, àìtò ó ni wàhálà.

Bó ṣe máa tò ó rèé: lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, kó fa ìlà ọjọ́ méje sórí ìwé kan. Ohun tí kò ṣeé sún ni kó kọ́kọ́ kọ síbẹ̀: lẹ́kíṣọ̀, ìjọsìn àti oorun. Lẹ́yìn náà ni ìwé kíkà. Kó fi kọ́ọ̀sì tó le jù sí ìgbà tí ara rẹ̀ máa ń yá, kó sì tún ohun tí wọ́n kọ́ ọ yẹ̀ wò kí ọjọ́ kejì tó kọjá. Kó fi àyè díẹ̀ sílẹ̀, torí iná lè lọ, olùkọ́ sì lè sún lẹ́kíṣọ̀ síwájú.

Ẹ kìlọ̀ fún un nípa ìwé àkàmọ́jú. Àgbàlagbà nílò oorun wákàtí méje, ó kéré tán, inú oorun sì ni ọpọlọ ti ń to ohun tá a kọ́ pa mọ́. Ohun tó ń lé oorun nínú kọfí náà ló wà nínú obì. Wọ́n ń lé oorun ni, wọn ò lè rọ́pò rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bí ọmọ bá ní òun ò rí oorun sùn mọ́, tàbí pé oúnjẹ ò lọ lẹ́nu òun, ẹ má kàn sọ pé kó fara dà á. Ẹ ní kó lọ rí dókítà.

Ibi tó kan àwa gan-an rèé. Ọmọ tá a pè wálé fún ìnáwó ọjọ́ Àbámẹ́ta lè ti kúrò nílé ẹ̀kọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, kó má sì padà títí di ọjọ́ Ajé. Lẹ́kíṣọ̀ lọ, ìwé kíkà náà lọ. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ yunifásítì kì í jẹ́ kí ẹni tí kò bá dé ìdá 75 nínú 100 lẹ́kíṣọ̀ ṣèdánwò. Àìsàn tàbí òkú ọ̀fọ̀ yàtọ̀. Ti aṣọ ẹbí lè dúró.

Ẹ gba ẹ̀dà ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ẹ jọ fàdéhùn sí ìgbà tẹ́ ẹ máa máa pè é. Bí kò bá gbé fóònù, ẹ wo ògiri kẹ́ ẹ tó bínú. Ó lè wà ní kíláàsì. Ẹ̀yin ìyá àgbà tí ọmọ-ọmọ ń tọ̀dọ̀ yín lọ sílé ẹ̀kọ́, bẹ́ ẹ bá rí i tó jókòó ti ìwé, ọwọ́ rẹ̀ ò dilẹ̀ o. Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ rán an dúró dìgbà tó bá ṣe tán.

Lọ́jọ́ Àìkú yìí, ẹ pè é, kẹ́ ẹ ní kó ka ọ̀sẹ̀ rẹ̀ fún yín. A ò ní í ṣe lásán lórí àwọn ọmọ wa o.