Àlejò Tí Kò Ní Onílé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àlejò kì í pìtàn ìlú fún onílé. Òwe yìí gbà pé onílé wà nílé, ó sì ní ìtàn tí yóò pa. Ṣùgbọ́n ní Lẹ́kí, lórí ilẹ̀ tóóró tí ó wà láàárín òkun àti ọ̀sà, àlejò ń wọlé, ó ń jáde, kò pàdé onílé kankan.

Ẹ wo bí àwọn ènìyàn wa tí ó rí owó ná ṣe ń múra ìsinmi ọdún. Wọn a háyà ilé fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, irú èyí tí àwọn ará Èkó ń pè ní shortlet. Wọn a béèrè iye yàrá. Wọn a béèrè bóyá jẹnẹrétọ̀ wà, bóyá ẹ̀ṣọ́ wà lẹ́nu géètì. Paríparì rẹ̀, wọn a béèrè bóyá a ń rí omi láti ojú fèrèsé. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọn kì í bi ẹni tí ó ń fi ilé háyà: ta ni ó ń gbé ní etí omi yìí kí ilé yín tó débẹ̀?

N kò bá ìsinmi jà. Ẹni tí ó ṣiṣẹ́ yẹ kí ó sinmi, atẹ́gùn ọ̀sà sì ń tu ara. Ohun tí mo ń bá jà ni ìsinmi tí ó di ojú ẹni.

Ní oṣù keje ọdún 1990, ìjọba ológun Èkó fi katakata wó Màrókò, ní ẹnu ọ̀nà Lẹ́kí. Nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni ó di aláìnílé. Ọdún 1990 kan náà ni a dá ọgbà ìdáàbòbò igbó àti ẹranko sílẹ̀ ní Lẹ́kí, níbi tí àlejò ti ń rìn lónìí lórí afárá òkè igi tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 401. Ó dára kí ọ̀bọ ní ibùgbé tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ṣùgbọ́n díẹ̀ péré nínú àwọn ará Màrókò ni ìjọba fún ní ibùgbé mìíràn.

Àwọn kan yóò ní ayé ológun nìyẹn, ó ti kọjá. Kò kọjá. Láàárín oṣù kọkànlá 2016 sí oṣù kẹrin 2017, lábẹ́ ìjọba alágbádá, wọ́n lé àwọn ará Otodo Gbame, apẹja tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Ègùn, kúrò ní etí ọ̀sà kan náà. Wọ́n lé ní 30,000. Ní oṣù kẹfà 2017, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Èkó dájọ́ pé lílé tí wọ́n lé wọn lòdì sí Òfin Orílẹ̀-èdè. Ìdájọ́ náà kò gbé ilé kan dìde.

Ẹlòmíràn yóò wí pé, ‘Owó mi ni mo san, èmi kọ́ ni mo lé wọn.’ Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ni ó sọ etí ọ̀sà di ohun tí a ń lé ènìyàn kúrò nídìí rẹ̀? Owó ẹni tí ó fẹ́ rí omi láìrí apẹja ni. Àwọn àgbà sì ti dá ẹjọ́ yìí tipẹ́: ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un.

Nínú àṣà wa, àlejò tí ó wọ ìlú a kọ́kọ́ lọ kí baálẹ̀, a sọ ibi tí ó ti wá, a sì wọ̀ sílé onílé. Onílé ni yóò fi ọ̀nà odò hàn án. Lónìí, nọ́ńbà tí a ń tẹ̀ lára ilẹ̀kùn ni ó gba ipò baálẹ̀, a kò sì kí ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, kí ẹni tí ó bá ń múra láti lọ sinmi ní etí ọ̀sà fi ìbéèrè mẹ́ta kún èyí tí ó ti ní. Ọ̀nà wo ni ilẹ̀ yìí gbà dé ọwọ́ ẹni tó ni ín? Ṣé apẹja ṣì ń rí ọ̀nà gbé ọkọ̀ rẹ̀ dé omi? Lọ́wọ́ ta ni n ó ti ra ẹja tí n ó jẹ níbẹ̀? Bí ẹni tí ó ń fi ilé háyà kò bá lè dáhùn, kí a wá ilé mìíràn. Omi tí a fẹ́ máa wò láti ojú fèrèsé yẹn, oko olóko ni.